Láńlọ́ọ̀dù Dé Ilé Ọmọlangidi

Ìyá Atúnléṣe ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n a máa wá bá a pé òrùlé òun ń jò. Ilé tí òun ń tún ṣe kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ilé ọmọlangidi ni, àwọn ilé onípákó àtijọ́ tí àwọn ọmọdé fi ṣeré títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n sì gbàgbé. Ó ń kó wọn jọ, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń tò wọ́n kún yàrá iwájú. Láńlọ́ọ̀dù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní òun fẹ́ wá kí àbúrò òun fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí òun fẹ̀yìn tì, ọjọ́ mélòó kan náà kò sì tíì pé títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Kiatéka ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe: ó bá onílé gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé, ó bá ayálégbé bẹ onílé, wọ́n ń pè é ní Láńlọ́ọ̀dù, kò sì ní ilé adìẹ. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Màmá Tíṣà, ìyá arúgbó kan, fẹ́ wá wo ilé ọmọlangidi tí bàbá rẹ̀ rà fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, èyí tó gbé wá fún àtúnṣe. Ó ti fi fọ́tò ilé náà lé Ìyá Atúnléṣe lọ́wọ́, ó ní, "Bí mo bá ṣí i tí mo bá gbogbo àwọn ọmọlangidi inú rẹ̀ níbi tí bàbá mi tò wọ́n sí, ìwọ ni màá fi ilé yìí fún. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, màá gbé e fún ẹlòmíràn." Ìyá Atúnléṣe fẹ́ ilé náà débi pé ó ń rí i lójú àlá. Ó mú fọ́tò dání, ó ṣí iwájú ilé náà bí ẹní ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo inú rẹ̀, ó sì rọra wá àga jókòó.

"Bọ̀dá."

"Ẹ̀n." Láńlọ́ọ̀dù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́, ó ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì.

"Ta ló fọwọ́ kan ilé yìí?"

"Èmi ni, nígbà tí o lọ ra gọ́ọ̀mù lánàá. Má wulẹ̀ dúpẹ́, ìyá kan náà ló bí wa."

"Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ta ló nà sórí bẹ́ẹ̀dì ńlá yìí?"

"Bàbá àgbà ni. Ṣé o mọ ibi tí mo ti bá wọn? Lájà. Lábẹ́ òrùlé, Àbúrò mi, níbi tí eku ń gbé. Àgbàlagbà tó hu irùngbọ̀n funfun ń gun àtẹ̀gùn kiri kí wọ́n tó rí ibi tẹ́ ẹ̀yìn sí, àwọn ọmọ àná wá sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀. Irú ilé wo nìyẹn?"

"Ilé Màmá Tíṣà ni. Ibẹ̀ ni bàbá wọn fi í sí. Ẹ wo fọ́tò."

"Mo ti wò ó. Inú mi ò dùn sí i."

"Ọmọlangidi ni, Bọ̀dá. Kì í rẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún wọn ti tú nígbà tí mo gbé wọn."

"Èmi ni mo tú u. Mo fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni."

"O wá rí i pé ara wọn ò yá."

Ìyá Atúnléṣe mú awò ńlá tó fi ń ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé náà láti yàrá dé yàrá.

"Àwọn ọmọ dà?"

"Wọ́n wà nídìí àtẹ̀gùn. Mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò ṣeé ká. Mo ní ó dáa, kí wọ́n kọjú sí ògiri."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe."

"Ìyàwó ilé ńkọ́? Pálọ̀ ló yẹ kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù."

"Ọ̀rọ̀ tìyẹn ti yanjú. Ó wà ní kíṣìn lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀."

Ó wo kíṣìn. Obìnrin aláṣọ búlúù kan jókòó sídìí tábìlì tí kò tó páálí ìṣáná, ọkùnrin kan sì jókòó kọjú sí i, ó di réèkì mú.

"Bọ̀dá, ẹni tí ẹ pè ní ọkọ rẹ̀ yìí, gádínà ni."

"Ta ni?"

"Òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n gbà á pé kó máa tún òdòdó ṣe."

"Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí ló ti ń dúró lójú fèrèsé tó ń wò ó."

"Ẹ̀yìn fèrèsé ni òdòdó wà."

Láńlọ́ọ̀dù gbé ife tíì kalẹ̀. "Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi. Mo ti ṣàdúrà fún wọn."

"Àdúrà kí ni?"

"Ti ọmọ."

"Obìnrin yẹn ti bímọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ ní kí wọ́n kọjú sí ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní wọ́n jọ ara wọn."

"Ọkọ rẹ̀ gan-an wá dà? Ọkùnrin tó dé fìlà dúdú gogoro."

"Ayálégbé yẹn? Mo ti lé e."

"Ẹ ti kí ni?"

"Mo lé e jáde. Ó jókòó ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó dé fìlà níwájú àgbà. Mo ní, ta ni ọ́ nínú ilé yìí? Kò fèsì. Mo tún un bi, ńṣe ló ranjú mọ́ mi. Ayálégbé alágídí ló máa ń wo ènìyàn báyẹn. Mo ti bá wọn gbé, mo mọ̀ wọ́n."

"Ńṣe ni wọ́n fi ọ̀dà kun ojú yẹn sí i lórí. Kò lè pa á dé."

"Ó tún yájú."

"Òun ni olórí ilé, Bọ̀dá. Òun ni bàbá àwọn ọmọ. Ẹ lé onílé nínú ilé rẹ̀, ẹ sì fi ìyàwó rẹ̀ fún gádínà."

"Ọ̀rọ̀ yìí gba ìpàdé ẹbí."

"Màmá Tíṣà ti wà lọ́nà. Ibo lẹ lé e lọ?"

"Ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mi ò sì lè wò ó níran. Ẹni tí a lé nílé kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Mo mú un wọlé sọ́dọ̀ mi."

"Sínú sítọ́ọ̀?"

"Sínú sítọ́ọ̀. Ibẹ̀ bá a lára mu. Fìlà rẹ̀ ń kan pákó òkè, orí mi náà ń kàn án. Ẹ̀gbẹ́ gálọ́ọ̀nù ọ̀dà ló sùn sí, ẹ̀gbẹ́ gálọ́ọ̀nù ọ̀dà ni èmi náà sùn sí. A ti dọ̀rẹ́."

Inú sítọ́ọ̀ yẹn ni Ìyá Atúnléṣe ń kó pákó àti ọ̀dà sí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé, ibẹ̀ náà ló sì ń kó wọn sí lẹ́yìn tó dé. Ó wo yíká yàrá iwájú. Ilé tó wà níbẹ̀ kò níye, kò sì sí ọ̀kan tí kò ní yàrá àlejò, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí rí. Ojú tì í gan-an.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?"

"Ẹ̀yìn ta? Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà ni mò ń sọ."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ti bàbá àgbà ni gọ́ọ̀mù máa mú. Tèmi ti kọjá gọ́ọ̀mù."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá wọn padà, Bọ̀dá, ká tó wá sọ tiyín."

"Gbogbo wọn ló máa padà, àfi bàbá àgbà." Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo bẹ́ẹ̀dì ńlá náà, tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni wọ́n sọ, wọn ò sọ àjà."

"Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá yẹ̀, ilé yìí ti lọ nìyẹn."

"Kó máa lọ. Ilé tí kò bá ti gba àgbà, ta ló fẹ́ kó dúró?"

Ọkọ̀ kan dúró níta. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ọ̀pá Màmá Tíṣà lórí sìmẹ́ńtì: kò, kò, kò. Màmá kì í sáré, èyí nìkan ni Ọlọ́run fi ṣàánú Ìyá Atúnléṣe.

"Bọ̀dá, ẹ dákun, kí lẹ fẹ́?"

"Èmi kọ́. Bàbá àgbà."

"Kí ni bàbá àgbà fẹ́?"

Láńlọ́ọ̀dù dẹ etí sí abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní yàrá tó ní fèrèsé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ àwọn ò ní máa yọ síta. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀dà wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́."

"Ẹ sọ fún wọn pé yàrá iwájú yìí ti di tiwọn láti òní."

"Wọ́n ní kí o búra."

"Mo búra."

Ó ká ọwọ́ kúrò. Ẹnu Ìyá Atúnléṣe là: àmì àtàǹpàkò olómi tíì ńlá kan wà lára bébà ògiri, lókè bẹ́ẹ̀dì gan-an.

"Búrẹ́dì. Bọ̀dá, búrẹ́dì mi dà? Mo gbé e síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì."

"Ìyẹn? Mo ti ń jẹ ẹ́. Ó gbẹ díẹ̀."

"Búrẹ́dì gbígbẹ ni mo fi ń nu ìdọ̀tí lára bébà ògiri. Mo ti fi ìyẹn nu gbogbo òkè ilé."

Láńlọ́ọ̀dù wo inú ife rẹ̀. "Ìyẹn ni pé mo ti jẹ nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó lè pè mí ní àlejò mọ́."

Ó fún un ní apá gbígbẹ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Atúnléṣe ń nu ògiri, Láńlọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó yọ olórí ilé jáde pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Ó gbé e sórí àga ní pálọ̀, ẹsẹ̀ òsì lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó dá gádínà padà síta lójú fèrèsé, ó sì tẹ́ àwọn ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kí bàbá àgbà pẹ̀lẹ́ kó tó gbé wọn lọ sájà. Kò wo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Atúnléṣe gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó wò ó títí, kò sí èyí tó yẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ mọ ibi tí kálukú wọn wà tẹ́lẹ̀?"

"Kiatéka ni mí. Mo lè gbàgbé oúnjẹ, mi ò lè gbàgbé yàrá ayálégbé."

"Ẹ mọ̀ pé gádínà ni gádínà?"

"Ta ni kò mọ gádínà? Ó mú réèkì lọ́wọ́."

"Ẹ tún mọ̀ pé olórí ilé ni..."

"Lọ ṣílẹ̀kùn, Àbúrò mi. Kò yẹ kí àgbà dúró síta."

Màmá Tíṣà wọlé, ó fi ọ̀pá ti ara, ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ilé náà wò láti ìsàlẹ̀ dé àjà. Ìyá Atúnléṣe kò mí, Láńlọ́ọ̀dù ni ó ń mí fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó pẹ́, Màmá nara, ó nu ojú, ó ní bí bàbá òun ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyí. Ó ní ilé di ti Ìyá Atúnléṣe láti òní, bó bá wù ú kó gbé ẹṣin sí kíṣìn. Ohun kan ṣoṣo ni òun bẹ̀ ẹ́: kó jẹ́ pé yàrá iwájú ló máa wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú òkùnkùn. Ó gba omi mu, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò, kò, kò.

Ìyá Atúnléṣe sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó fi máa padà, Láńlọ́ọ̀dù ti dúró láàárín yàrá iwájú, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá wí."

"Mo gbọ́. O sì búra."

"Mo búra, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn yòókù á lọ sí sítọ́ọ̀ lónìí. Èyí nìkan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ jẹ́ kó bá yín gbé."

Láńlọ́ọ̀dù gbé ìrọ̀rí kalẹ̀. Ó yí ilé náà po, ó gbá ògiri rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó fi ìka kan etí òrùlé bó ti máa ń ṣe nílé onílé.

"Òrùlé ò jò?"

"Kò jò."

"Àwọn ayálégbé ńkọ́, wọn kì í pariwo?"

"Ẹ ti bá wọn gbé, Bọ̀dá."

"Ta ni onílé?"

Ìyá Atúnléṣe wò ó. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, "onílé ní" àti "onílé ò gbà" ló ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbọ́ "mo ní" rí. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Inú yàrá yín ló wà. Ẹ̀yin ni onílé."

Láńlọ́ọ̀dù dé bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó fi ìka kan ṣí òrùlé, ó sì tẹ orí ba.

"Bàbá, ẹ máa kó ẹrù yín bọ̀ nísàlẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù tuntun ti dé."