Mímí Ńkọ́, Bàbá?

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní Kàdúná, Mọ́ńdè kan wà tí mi ò lè gbàgbé láé. Nọ́ọ̀sì kékeré ni mí láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn. Dókítà àgbà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìwé ìlànà lórí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyí tí èéfín sìgá máa ń fà, tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa. Ìwé náà ní ká máa bi aláìsàn nígbàkigbà tó bá wá bí mímí rẹ̀ ṣe rí. Tí kò bá dára, ká fi kún oògùn rẹ̀. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Ta ló tún gbọ́n tó mi?

Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń gbé ní Hayin Banki ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ti dé, n ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà o."

"Mímí ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Kíá, mo ti kọ ọ́ sí káàdì pé mímí Bàbá dára. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò fi ẹyọ oògùn kan kún tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, dókítà àgbà kó àwọn dókítà àlejò wá. Èmi aláṣejù ni mo ní kí wọ́n wá wo Bàbá tèmi, kí wọ́n rí iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe. Dókítà wo káàdì, ó ní, "Baba, taso mu ga tafiyarka," pé kó dìde kó rìn.

Bàbá rìn díẹ̀, ó dúró ti obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì. "Sannu… ya… gida?" Ó sún síwájú, ó tún dúró kí ọkùnrin kan. Inú bí mi. Ṣé àsìkò ìkíni nìyí, lójú àlejò?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kíkí sílẹ̀, ẹ máa rìn!"

Ibi tí mo ti ń pariwo ni orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀, ó di ògiri mú, ètè rẹ̀ ń di dúdú. Àṣé kì í ṣe pé ó ń kí èèyàn, ó ń sinmi ni! A sáré gbé e jókòó, a fún un ní ọ́síjìn.

"Àtoṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń jókòó sùn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ ò sì sọ fún mi, Ìyá?"

"Ta ló bi mí?"

Nígbà tí èémí Bàbá balẹ̀, òun náà wò mí. "Ọmọ mi, o kúnlẹ̀, o kí mi. Ṣé àròyé ni kí n fi dá ọ lóhùn?"

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí dókítà àgbà sọ sí mi. Ẹni tó kọ ìwé ìlànà lè má mọ̀ pé àgbà kì í fi àìsàn dáhùn ìkíni. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ẹ̀rín ara mi ni mò ń rín títí dòní.

Wọ́n fi kún oògùn Bàbá, wọ́n sì gba sìgá lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì tó padà wá, mo kí i tán, mo fa àga, mo jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dúró sinmi kí ẹ tó dé ìdí ọkọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ka ìka.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ò ń kí mi yẹn, kò lóǹkà."