Òjòlá Aríran ti Babárìndé

Bí ẹ bá wọ Odode tí ẹ kò tíì pàdé Babárìndé, ẹ má ṣe ìyọnu, òun fúnra rẹ̀ yóò pàdé yín. Babárìndé Ọ̀kan-ṣoṣo Àjànàkú! Asọ̀rọ̀-kó-tó-ronú, Aṣojú-òkè-níbi-tí-òkè-kò-rán-an! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gun òkè Ìdànrè lọ́dún, oṣù mọ́kànlá tó kù ló fi ń ròyìn rẹ̀. Ó ní fìlà méje, ó sì gbé àwòrán ara rẹ̀ kan kọ́ sí pálọ̀ tó tóbi ju ilẹ̀kùn pálọ̀ náà lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ayé kò tíì fún un, ipò Olórí Afinimọ̀nà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń mú àlejò gun òkè fẹ́ yan olórí tuntun, ẹni tí yóò máa dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn láti kí àlejò káàbọ̀, tí àwọn àlejò yóò sì máa bá ya fọ́tò. Babárìndé ti rí fọ́tò náà lójú àlá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Adétáyọ̀ náà ń du ipò yìí, Adétáyọ̀ sì mọ orúkọ gbogbo àpáta, ó mọ ìtàn wọn, ó sì ń gun òkè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láì mí hẹlẹ. Babárìndé rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé òun nílò ohun tí Adétáyọ̀ kò ní.

Kò pẹ́ tí ohun náà fi dé. Wàsíù, ará Ṣakí tó ń bá a ṣe oko kòkó ní Aládé, rí ọmọ òjòlá kan lábẹ́ ewé kòkó, kò gùn ju apá èèyàn lọ. Wàsíù ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí Babárìndé yọ sí i. Ó ní kí ó gbé àdá sílẹ̀, pé èyí kì í ṣe ẹran, pé ìpolongo ìbò ni.

Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lòun yóò fi tu ejò náà lójú. Ó ní ẹranko mọ ọ̀gá. Ó ní àgbà tí kò bá lè mú ejò, kó lọ mú ife tíì.

Àgbà wa délé, ó ṣí àpótí, ó sì na ọwọ́ sí ejò látòkè, bí àṣá ṣe ń já lu òròmọdìyẹ. Ejò ká ara rẹ̀ jọ, ó mí fùù, ó bù ú jẹ lọ́wọ́. Òjòlá kò ní oró, eyín ọmọ kékeré yìí kò sì ju ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni Babárìndé gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bi í nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun àti ejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá májẹ̀mú ni.

Bí ìtọ́jú ejò ṣe di ti Olútóyìn, ìyàwó rẹ̀, nìyẹn. Olútóyìn ń sin adìyẹ tà. Kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Àwọn obìnrin ìjọ Aládùúrà tí wọ́n jọ ń lọ rán an létí pé ejò ló tan Éfà jẹ. Ó dá wọn lóhùn pé èyí ṣì kéré, kò tíì lè tan ẹnikẹ́ni.

Ó gbé àpótí náà sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, kí ẹran náà lè mọ òórùn ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, omi nìkan ló ń pààrọ̀ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi àkísà ìró rẹ̀ kan sínú àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ àpótí, ní ẹ̀gbẹ́ ejò, láì mira. Bí ejò bá mí fùù, kò ní fa ọwọ́ yọ, kò sì ní sún un mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni yóò fi í sí títí ara ẹran náà yóò fi rọ̀. Wàsíù, tó máa ń gbé kòkó wá sílé, bi í pé kí ló dé tí kò kúkú gbá a lórí mú kó parí ẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà á, Wàsíù, kì í ṣe ìbínú," ni Olútóyìn wí. "Ohun tó bá tòkè wá bá irú ẹ̀, jíjẹ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ò fẹ́ jẹ ẹ́."

Wàsíù wo ilẹ̀, nítorí ìkòkò ọbẹ̀ ọjọ́sí kò tíì tutù lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì, Olútóyìn ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ejò lábẹ́ ikùn, ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì dá a padà. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ eku, ọjọ́ méjì ni kò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di oṣù kẹta, ejò ti ń wé mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ẹnu ya Wàsíù, ó bi í pé níbo ló ti rí irú sùúrù báyìí. Olútóyìn ní ọdún kẹtàdínlógún rèé tóun ti ń bá Bàbá Ìyanu, ọkọ òun, gbé.

Kí ni Bàbá Ìyanu ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú fóònù, ó ń ya fídíò. Ọwọ́ àti ejò nìkan ló máa ń jẹ́ kó hàn, ohùn tirẹ̀ ni yóò sì máa dún lórí wọn pé, "Ẹ wo bí mo ṣe ń pàṣẹ fún un." Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń yìn ín. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí Babárìndé fi kun èékánná.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n yan olórí nígbà tí Olútóyìn pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìyanu, ẹ jẹ́ kí ejò yìí sinmi. Ó fẹ́ bọ́ awọ. Awọ ti bo ojú rẹ̀, kò ríran. Bí wọ́n bá wà báyìí, gbogbo ohun tó bá kàn wọ́n ni wọ́n ń bá jà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Babárìndé na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà, nítorí kì í kọjá ibẹ̀. Lóòótọ́, ojú ejò ti funfun bí omi ògì. Níbo ló ti rí irú ojú yìí rí? Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, lójú àwọn aríran nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn, tí ojú wọn bá yí sókè tó ku funfun nìkan.

"Ìwọ obìnrin yìí, o ní kò ríran," ó wí pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ìran gan-an ló ń rí yẹn."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri láti Odode dé Atosin pé kí wọ́n wá wo òjòlá aríran. Báyìí ni ejò kan ṣoṣo tí kò rí ìrù ara rẹ̀ ṣe di wòlíì. Olútóyìn bẹ̀ ẹ́ pé, bó bá di dandan, kó jẹ́ kí òun gbé e jáde fún un. Ó ní rárá, pé ta ló ń bá ìyàwó olórí ya fọ́tò?

Ọjọ́ pé. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kún. Adétáyọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àpáta, àwọn èèyàn sì yán díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Babárìndé bọ́ sí àárín èrò nínú agbádá funfun, ó há máìkì kékeré mọ́ ọrùn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá méjì dúró lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Alágbà Olúbáyọ̀, alága ẹgbẹ́, ní kó má pẹ́.

"Adétáyọ̀ mọ àpáta," ni Babárìndé wí. "Àpáta kì í bu èèyàn jẹ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ ejò yìí. Mo sùn tì í. Bí mo bá ní kó dìde, á dìde."

Ó ṣí àpótí, ó sì na ọwọ́ sí i látòkè.

Ejò dìde lóòótọ́. Ó bù ú jẹ lọ́rùn ọwọ́, ó sì wé mọ́ apá rẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Babárìndé ń sá yí àpótí po, agbádá ti bò ó lórí, máìkì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń jáde kedere.

"Tóyìn dà? Ẹ bá mi pe Tóyìn. Òun ló mọ̀ ọ́n mú. Látọjọ́ tó ti kọ́kọ́ bù mí jẹ, n ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ọwọ́ inú fídíò yẹn, ọwọ́ Tóyìn ni. Ó sọ fún mi pé kò ríran. Ó sọ fún mi."

Òkè gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì tún un sọ fún ẹni tí kò bá gbọ́ dáadáa. Adétáyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, bóyá nítorí pé ó ti mọ̀ pé òkè kì í tọ́jú àṣírí.

Ẹnìkan ti yọ àdá. Olútóyìn ní kó gbé e sílẹ̀. Ó mú ìrù ejò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó gbé ọwọ́ kejì sábẹ́ ikùn rẹ̀, ó sì dúró. Gbogbo èèyàn bá a dúró. Ejò tú ẹnu kúrò lára Babárìndé, ó sì wọ inú apá bùbá Olútóyìn lọ.

Kò gba Alágbà Olúbáyọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Adétáyọ̀ ló gba ipò olórí. Ó sì bẹ Olútóyìn pé kó máa wá ní gbogbo Sátidé, kó máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń bá ẹranko gbé. Olútóyìn ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ kan òní, kí ejò tó bọ́ awọ tán. Ó bo àpótí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ìyẹn kò dí àwọn àlejò lọ́wọ́, wọ́n tò láti bá òun àti àpótí bíbò ya fọ́tò.

Àlejò kan, ìyá àgbà tó ti Àkúrẹ́ wá, rí Babárìndé tó jókòó ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ igi, ó ti bọ́ agbádá, ó ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀. Àánú ṣe ìyá náà. Ó fẹ́ lọ gbá a léjìká kó kí i kú ewu, àmọ́ ó kọ́kọ́ bi Olútóyìn pé ta nìyẹn.

"Ọkọ mi ni, Màmá," ni Olútóyìn dáhùn. "Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án lónìí. Ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀."