Gẹ̀ẹ́sì Tó Yìnbọn fún Naeem

Naeem kì í jẹun, ó máa ń "consume" ni. Kì í sùn bí ẹlòmíì ti ń sùn, ó máa ń "retire". Bí ẹ bá kí i ní àdúgbò Adéwọlé níbi tó ń gbé, á kọ́kọ́ yọ awò dúdú ojú rẹ̀, á nù ún, á dá a padà, kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Inú ilé gan-an, awò náà kì í kúrò lójú rẹ̀, kódà bí wọ́n bá mú iná lọ. Abájọ tí ojúgun rẹ̀ fi kún fún àpá.

Ó gba pálọ̀ kan, ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di òṣèré fíìmù ní Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Ó ní ẹni tí gbogbo ayé bá ṣì ń gbọ́ ohun tó ń sọ kò tíì di gbajúmọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa kì í ní "Asọ̀yìnbó-bí-ẹni-mu-kúnnú". Òun fúnra rẹ̀ ló fi oríkì náà kọ́ wọn.

"Famous" kò tó o. Ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́ "famous". Bí òkìkí èèyàn bá ti kàn tán, "notorious" ni. Orúkọ tí ọlọ́pàá fi ń pe ògbólógbòó adigunjalè, òun ni Naeem fi ń pe ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ń kọ́ wọn ní "passive voice". Ó ní gbajúmọ̀ kì í ṣe nǹkan fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe nǹkan sí i lára ni.

"Bí wọ́n bá ti yà yín sínú fíìmù, ẹ ní 'I was shot'."

Sadiya, tó ń dirun fún àwọn obìnrin ládùúgbò, nawọ́. "Sà, ìyẹn ò ní jọ pé wọ́n yìnbọn fún èèyàn?"

"Ta ni gbajúmọ̀ nínú èmi pẹ̀lú rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìgboro Ìlọrin ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì òṣèré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí Naeem wá, kí àwọn dán an wò lórí afẹ́fẹ́. Naeem pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ó pe Òkè-Oyì, níbi tí Lami ìyá rẹ̀ ti ń ta iṣu lẹ́bàá títì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa rédíò.

Ummu-Kulthum ló ń darí ètò náà. Ó ní kí àlejò fi ara rẹ̀ hàn.

"I am the notorious Naeem."

Ummu-Kulthum wò ó. "Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn?"

"Very notorious."

"Ó dáa. Ẹ sọ fún wa nípa iṣẹ́ fíìmù yín."

"I was shot in Òkè-Oyì."

Ummu-Kulthum fọwọ́ sáyà. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ló yìnbọn náà?"

"Professionals. I was shot from the front. I was shot again from behind. My own mother was there, clapping."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá là á yé wa."

"Yoruba cannot contain it."

Ní Òkè-Oyì, wọ́n ti yí rédíò ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iṣu. Àjàyí, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń túmọ̀ fún wọn. Ó ṣí fìlà.

"Wọ́n ti yìnbọn fún Naeem. Níwájú àti lẹ́yìn."

Ẹnì kan ní ṣebí òun náà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àjàyí ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Lami kawọ́ lérí. Iṣu ṣì kún ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ lọ sí Ìlọrin. Àlùfáà Abdulhaleem bá wọn lọ, ó ká aṣọ funfun kan há abíyá, nítorí a kì í mọ̀.

Ètò kò tíì parí tí wọ́n fi ya wọ inú sítúdíò tẹkúntẹkún. Lami rí ọmọ rẹ̀ lórí àga pẹ̀lú awò dúdú. Ó di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń wá ojú ihò láyà, ó yí i padà, ó ń wá a lẹ́yìn.

"Ibo nìbọn gbà wọlé?"

"Ìyá, kò síbọn. Fíìmù ni mò ń sọ."

"Fíìmù wo?"

"Èyí tí wọ́n yà nílé wa."

Lami jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tí wọ́n fi aṣọ bò ọ́ mọ́lẹ̀, tó jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ nìkan la rí? Tí wọ́n ń sin ọ́, tí o ń sín, tí wọ́n ní kí wọ́n tún un yà?"

"Ìyá," Ummu-Kulthum rọra sọ, "a ṣì wà lórí afẹ́fẹ́."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò kú."

Ummu-Kulthum kọjú sí àlejò rẹ̀. "Tíṣà, ipa wo lẹ kó gan-an?"

Naeem wá Gẹ̀ẹ́sì tì. Ó wá a lókè àjà, ó wá a nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Òkú ni mo ṣe."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wọlé wá, ó kí Àlùfáà, ó kí Ìyá, ó sì sin gbogbo wọn dé ẹnu géètì. Kò dárúkọ ètò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́, Naeem náà kò béèrè. Ní pálọ̀ Adéwọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń nu omi ojú. Sadiya fa ilà gbọọrọ lórí "I was shot".

Lami kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ padà sílé. Ó ní àwọn obìnrin ti ń sunkún nínú ilé àwọn ní Òkè-Oyì, ó di dandan kí wọ́n fojú rí i láàyè. Wọ́n fi í há àárín Àlùfáà àti òkìtì iṣu.

Gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì ti dúró ni wọ́n ti gbọ́. Ọlọ́kadà kan yọjú lójú fèrèsé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ìbọn, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Lami dá a lóhùn. "Ó ti jí."

Naeem la ẹnu láti ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu ńlá kan lé e lórí itan, ó ní kó dákẹ́, kó dì í mú kó má baà kán.