Apá-Ìbọn Fẹ́ Gba Orúkọ Pápá

Bí ẹ bá dé ìlú wa, Haskin Fork ní Nebraska, tí ẹ kò sì tíì gbọ́ orúkọ Dwayne Kettleson kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ fara balẹ̀. Á wá bá yín fúnra rẹ̀.

Apá-Ìbọn ló ń pe ara rẹ̀. Apá-Ìbọn ọmọ Kettleson, ajùbọ́ọ̀lù-bí-ẹni-ń-sán-ààrá, ọkùnrin kan ṣoṣo ní ìlú wa tó dé ẹgbẹ́ ńlá tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Kọ́tàbáàkì ni, ìyẹn ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn kọ́kọ́ ń kàn lọ́wọ́, tó ń jù ú, tó sì ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Ọdún mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Ó ti fi ọdún méjìlélógún sọ ọ́.

Ẹni tó bá lọ ra táyà katakata ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo fọ́tò, yóò gbọ́ ìtàn ìdíje ọjọ́ yìnyín, kó tó fojú kan táyà.

"Nígbà tí aago parí lọ́jọ́ náà," ni yóò wí, "ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù wà?" Á na ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Ọwọ́ yìí."

Kí lèèyàn tún fẹ́ bi í? Èmi gan-an ti bọ ọwọ́ yẹn rí ní kékeré, n kò sì fọ tèmi títí màmá mi fi halẹ̀ mọ́ mi.

Nígbà tí ìjì gbé pátákó orúkọ pápá ilé ẹ̀kọ́ wa lọ, àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò fi orúkọ Norma Vavra sọ pápá náà. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí màmá yìí ti ń ti ẹ̀rọ ọ̀dà láràárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, tó ń fa ìlà funfun sórí koríko. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ó ti fa ìlà tán kí pásítọ̀ tó jí. Ọdún yìí ni yóò fẹ̀yìn tì.

Dwayne gbọ́ ọ lórí àga onígbàjámọ̀, ó fò dìde pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹni tó ń fa ìlà? Ṣé a ó wá fi orúkọ agbálẹ̀ sọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Elroy Tibbs tó ń fá a nírùngbọ̀n, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìdíje. "Ó sàn ju ká fi orúkọ ẹni tó ń sùn nínú ìsìn sọ ọ́ lọ," ló fèsì.

Àṣà kan wà ní ìlú wa. Bí ẹni méjì bá ń du orúkọ pápá, wọn á ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn síta nígbà ìsinmi àárín ìdíje, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ń padà wálé. Lẹ́yìn náà, kálukú á dìde fún ẹni tó fẹ́.

Inú Dwayne dùn. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n fi àpòòwé olóǹtẹ̀ ránṣẹ́. Kò já a. Ó gbé e fún Elroy bẹ́ẹ̀, kí aráyé má baà ní ó fi iyọ̀ sí i.

"Ka gbogbo rẹ̀. Má fo nǹkan kan."

"Gbogbo rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Dwayne?"

"Títí kan àmì ìdánudúró."

Kí ọjọ́ tó pé, ó ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí pátákó tuntun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Wọn ò tíì yan ẹnì kankan o," ni Marjean ìyàwó rẹ̀ wí.

"Marjean, àwòdì kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ igi kó tó bà lé e."

Ọjọ́ Ẹtì pé. A jẹ ẹ̀wà ata tán, a fi búrẹ́dì oníṣúgà lé e, ìdíje dé ìdajì, àwọn méjèèjì sì bọ́ sáàárín pápá. Dwayne wọ kóòtù funfun. Ọ̀dà wà lára ṣòkòtò Norma.

"Màmá Norma, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ìràwọ̀ kì í bá àtùpà ṣe orogún."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ohùn Elroy dún lókè: "Norma Vavra. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìlà tó wọ́: kò sí." Àtẹ́wọ́ ròkè.

"Dwayne Kettleson. Ọdún mẹ́ta. Ìdíje tó wọlé gbá: ẹyọ kan. Bọ́ọ̀lù tó jù: òdo."



"Òdo ni wọ́n kọ?" ni ẹnì kan bi láàárín èrò.

"Òdo ni. Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀." Elroy bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Bọ́ọ̀lù tó gbé lọ́wọ́: ẹ̀ẹ̀kan. Yáàdì tó jèrè: kò jèrè. Ó pàdánù yáàdì kan."

Ẹni tó bá dàgbà nídìí bọ́ọ̀lù yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń borí, tí aago sì fẹ́ parí, kọ́tàbáàkì á gba bọ́ọ̀lù, á sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, á rọra kúnlẹ̀. Aago á máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, kálukú á gbalé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé ìdíje, tó ń fi yáàdì ka bí èèyàn ṣe gbé bọ́ọ̀lù síwájú tó, kò láàánú: ìṣísẹ̀ tó fi sún sẹ́yìn, àdánù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Gus Ondracek tó ń di ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn pápá mú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyẹn ni pé ká ní ó jókòó sílé, ì bá fi yáàdì kan dára ju báyìí lọ."

Ẹ̀rín bú. Dwayne pupa bí tòmátì.

"Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ìkúnlẹ̀ yẹn," ló pariwo. "Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù wá, kí n fi hàn yín."

Wọ́n gbé e fún un. Ó dúró lórí ìlà, ó sún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó na ọrùn sókè, ó ń retí àtẹ́wọ́.

Gus fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wá, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọn ibẹ̀, ó nàka sẹ́yìn sí Elroy.

"Àtúnṣe kékeré, ẹ̀yin ará ìlú," ni Elroy wí. "Yáàdì tó pàdánù ti di méjì."

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹni tó ń fun fèrè ńlá nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ẹ̀kọ́ lè dúró. Kódà àwọn àlejò tó wá bá wa díje ń di ara wọn mú.

"Ó yá. Ẹni tó bá fẹ́ Norma Vavra, kó dìde."

Marjean ló kọ́kọ́ dìde. Gbogbo ìjókòó sì ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: Dwayne, tí orúnkún rẹ̀ ti gan, tí kò lè gbéra.

Norma rìn lọ bá a, ó na ọwọ́ ọlọ́dà sí i.

"Dìde, ọmọ mi. Ìdíje fẹ́ tẹ̀ síwájú."

Ó fà á, orúnkún ké, Dwayne nàró.

Elroy ka àwọn tó dìde láti ìjókòó òkè títí dé orí Dwayne nísàlẹ̀, kò kánjú. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Gbogbo wa la dìde. Kò ku ẹnì kan."