Ọjọ́ tí Mo Wọ Inú Wọ́dúróòbù Lọ Kọ́ Kọ̀ǹpútà ní Yorùbá

Ọjọ́ Sátidé kan wà láyé mi tí mo bá ti rántí ẹ̀ báyìí, àfi kí n fi ìbòrí bo ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Kì í ṣe pé mo jalè lọ́jọ́ náà o. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Yorùbá ni mo ń sọ, Yorùbá tí mo fi ń jẹun. Síbẹ̀, kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo agbo ilé wa ní àdúgbò Gàmbàrí ló ti gbọ́ pé ìyàwó tuntun fẹ́ pààrọ̀ ọkọ, pé àlùjànnú kan ló sì ń kéde ẹ̀ látinú wọ́dúróòbù.

Tísà Yorùbá ni mí. Ilé ìwé girama kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn, dò-re-mí, dò-re-mí, láti àárọ̀ títí ọ̀fun á fi gbẹ. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré ni mo tíì lò nílé ọkọ nígbà náà. Èmi àti ọkọ mi ní yàrá kan àti pálọ̀ nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, sì wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Àlàájà ò le rárá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Tí mo bá ṣí ìdérí ìkòkò lọ́dọ̀ mi níhìn-ín, á béèrè láti ọ̀hún pé, "Ìyàwó, ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ yẹn tó?"

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló kó mi sọ́nà. Ó ní àwọn kan gba ilé kan ní GRA, pé ohùn ni wọ́n ń wá.

"Ohùn báwo?"

"Ohùn Yorùbá. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà sì máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí Ọlọ́run fún ní etí méjì gan-an ò tíì gbọ́ ọ, irin ni yóò wá gbọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó lo awò ojú ló gbà mí níbẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ bí àwa ṣe ń gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ti lanu, á gé ohùn yín sí wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá. Á wá máa fi ègé kọ̀ọ̀kan wé ohùn àwọn èèyàn tó ti gbọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, á wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, á ní, 'Ó jọ pé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nìyí.'"

"Ìyẹn ni pé ó kàn ń fojú bù ú?"

"Ó ń fojú bù ú, mà. Bí ohùn tó ti gbọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ojú rẹ̀ á ṣe là tó."

Ó ní ibi tó ti ń kọsẹ̀ jù ni àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn létí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dìídì kọ àwọn gbólóhùn kan jọ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún inú wọn. Kí n gbé e lọ sílé, kí n máa kà á sínú áàpù wọn tí wọ́n fi sórí fóònù mi, tí á máa fi ohùn mi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni gbólóhùn kan, níbi tí kò ti sí ariwo, tí ohùn kì í sì í dún padà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún pè mí. "Àǹtí, ẹ má kà á bí ẹni ń ka ìròyìn o. Ẹ sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ ara yín ni."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ìgbéraga ni, kí n má parọ́. Mo fẹ́ kó di ọjọ́ kan tí Àlàájà á bá fóònù sọ̀rọ̀, tí fóònù á sì kọ ọ́ jáde láìṣì, kí n wá sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ni mo bá ń yọ́ lọ sí GRA, ni mo ń yọ́ bọ̀. Tí ọ̀dọ́kùnrin náà bá pè mí, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń dá a lóhùn, wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka tẹ̀súbáà.

Ó di Sátidé. Ọkọ mi lọ ra iṣu ní ọjà Ìpàta. Àlàájà lọ kí ẹnì kan tó bímọ. Mo ní ilé dá, ó yá. Pálọ̀ ni mo kọ́kọ́ jókòó sí. Bí mo ṣe la ẹnu, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tan ẹ̀rọ rẹ̀. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wa àti ilé kéú Álífà, àwọn ọmọ kéú sì ti mọ́ ọn lára pé ohun tí àgbà bá ti ké, àwọn náà á ké e. Mo pariwo pé, "Adé ra igbá!" Ogún ẹnu dáhùn lẹ́yìn ògiri pé, "Adé ra igbá!" Mo gbọ́ ohùn Álífà: "Ẹ dákẹ́! Súrà wo nìyẹn?" Mo sá wọ balùwẹ̀. Níbẹ̀, ohùn mi lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, bíi pé èèyàn mẹ́rin ló ń wẹ̀.

Ibo ló wá kù? Wọ́dúróòbù. Igi gidi ni wọ́dúróòbù yẹn, Àlàájà ló fà á lé ọkọ mi lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára ìlẹ̀kùn lóde. Mo ti àwọn bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jókòó lé orí búláńkẹ́ẹ̀tì, agbádá ọkọ mi bò mí lórí, òórùn káńfọ̀ gba imú mi. Mo fa ìlẹ̀kùn mọ́ra. Ibẹ̀ dákẹ́ bí ìsàlẹ̀ kànga. Mo ní, ọgbọ́n rèé.

Mo bẹ̀rẹ̀. "Ọkọ̀ mi ti gbó." Ẹ̀ẹ̀mẹta. "Mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ mi." Mo mí kanlẹ̀ sí ìyẹn, nítorí wọ́n ní kí n sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ara mi. "Ọkọ̀ yìí ti sú mi, ẹ bá mi wá òmíràn!" Ẹ wá wò mí nínú òkùnkùn, tí mo ń ju ọwọ́. Èmi tí mi ò ní kẹ̀kẹ́, ká má ì tíì sọ ọkọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún nítorí ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "Ìyà ń jẹ mí nínú ilé yìí" sí, mo bú sẹ́kún ní ti gidi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Àlàájà ti dé. Ó gbé wàrà bọ̀ fún mi nínú abọ́. Ó ti sọ ìtàn yìí fún àwọn àlejò tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ bíi pé ojú mi ló ṣe. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló gbọ́ ohùn obìnrin kan lábẹ́lẹ̀. Igi àti agbádá ti gba àmì ohùn lẹ́nu mi, ìyókù ló sì jáde sí i: "Mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ mi. Ọkọ yìí ti sú mi, ẹ bá mi wá òmíràn." Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó gbọ́ ẹkún. Lẹ́yìn ẹkún ló gbọ́ pé, "Ìyá ń jẹ mí nínú ilé yìí." Ìyá kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé yẹn.

Ó ṣílẹ̀kùn yàrá. Kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́dúróòbù tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Aúsù bílláhì!" Mo gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí, kẹ̀kẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Mo kígbe, "Àlàájà! Èmi ni o!"

"Yé! Ó mọ orúkọ mi!" Ó sì sá jáde lọ pe Álífà.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn Álífà. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ìgbà tó bá ń bá àlùjànnú sọ̀rọ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ máa ń le. "Ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn, ta ni ọ́?"

"Álífà, èmi ni ìyàwó."

"Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó ilé yìí!"

Mo gbọ́ tí Àlàájà ń sọ fún un pé, "Ẹ gbọ́ nǹkan! Ó ti fi ara rẹ̀ ṣe aya ọmọ mi."

Álífà ní, "Kí lo wá ń ṣe nínú ibẹ̀?"

Ooru ti mú mi débi pé òtítọ́ nìkan ló kù lẹ́nu mi. "Mò ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá ni!"

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà Álífà rọra sọ pé, "Àlàájà, ẹ lọ bu omi wá."

Wọ́n gbàdúrà sómi, wọ́n sì dà á gba àlàfo òkè ìlẹ̀kùn wọlé. Ó tutù, kí n má purọ́, ó ṣe mí láǹfààní. Mo ké, "Àmín!" kí wọ́n lè mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí. Àlàájà ní, "Àlùjànnú Mùsùlùmí ni. Wọ́n wà."

Àárín ìyẹn ni ọkọ mi dé pẹ̀lú iṣu léjìká. Ó bá àwọn aládùúgbò lójú fèrèsé, ó bá ìyá rẹ̀ àti Álífà níwájú wọ́dúróòbù. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kí Àlàájà tó dáhùn, mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ìlẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ooru fẹ́ pa mí!"

Ọkọ mi mọ ohùn mi. Ó fò mọ́ kọ́kọ́rọ́, ó yí i, kọ́kọ́rọ́ kán sínú ìlẹ̀kùn. Ó fà á títí, kò gbọ́. Ó bá di wọ́dúróòbù mú, òun àti Álífà, wọ́n fà á kúrò lára ògiri, kí wọ́n lè yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà fi ẹsẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ látinú. Pákó já lójijì, mo yí jáde, agbádá funfun bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, káńfọ̀ ń já bọ́ lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń ro lára mi. Àwọn tó wà lójú fèrèsé fọ́n ká. Álífà ò sá o. Ó kàn lọ dúró sí ìta fún ìgbà díẹ̀, láìwọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n fún mi lómi mu tán, mo ṣàlàyé. Ojú ọkọ mi ò sì tú ká. "O fẹ́ pààrọ̀ ta ni?"

"Ọkọ̀ ni mo wí! Ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì! Mo ní ẹ̀rí." Mo gbé fóònù mi. Ibì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀, kó lè rí ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìgboyà, mo nà án sí ọkọ mi. Ó kà á sókè fún gbogbo wa: "Mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ mi. Ọkọ yìí ti sú mi."

Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe, ohun tí èmi gbọ́ náà ló gbọ́!"

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ti kọ ọ̀rọ̀ Àlàájà sílẹ̀ pé, "Yé! Ó mọ orúkọ mi!" pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn, kò ṣi ẹyọ kan. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Álífà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àlàájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí gbogbo wọn jáde. Ó wá wò mí tààrà. "Ìyàwó, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìyà ló ń jẹ ẹ́ nínú ilé yìí, àbí ìyá?"

Ẹ̀rín tó ti wà lẹ́nu mi kú. Mo kúnlẹ̀. "Àlàájà, kò sí èyí tó ń jẹ mí nínú méjèèjì. Ìwé ni mò ń kà."

"O ń lọ GRA, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni. O ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò sùn dáadáa, mò ń rò ó pé kí ni a ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ tó fi fẹ́ lọ. Wàrà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ọ́."

Omijé tó bọ́ lójú mi lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ti orí ìwé. Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn sọ nípa ẹ̀rọ ni ìyá ọkọ mi ṣe: ó wo ohun tó ṣáájú, ó gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, ó sì fojú bu èyí tó kù. Èmi ni mo fún un ní ohun tí kò dára tó fi ń bù ú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dìde, ó ní kí n lọ wẹ̀, pé mò ń rùn bí àpótí aṣọ àwọn àgbà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀dọ́kùnrin GRA pè mí. "Àǹtí, ẹ má bínú, ohùn yín há jù, a ò ní lè lò ó. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà lópin rẹ̀ tó ń ké. Ta ni wọ́n? Ohùn wọn mọ́ gaara!" Ẹ bá mi wò ó. Èmi, tísà, tí mo fi òógùn wẹ̀ nínú òkùnkùn! Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Àlàájà bí ẹni gbé agbọ́n mì. Ó ní kí n má dá òun dúró. Ó wọ léèsì, ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, a jọ dé GRA, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ wọn bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré. Nígbà tó dé gbólóhùn kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló kọ eléyìí? Kò sí Yorùbá kan tó ń sọ̀rọ̀ báyìí." Ọ̀dọ́kùnrin náà mú bírò, ó ń tún un kọ bó ṣe ń wí.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ò pọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ wa nílé, etí nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́. Ohun tí a fi pamọ́ fún wọn wà níbẹ̀ tó ń bá wọn gbọ́ ọ. Tí mo bá ti fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan báyìí, mo máa ń sọ ọ́ fún Àlàájà kí n tó sọ ọ́ fún ara mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Mo rọra sọ ọ́ ni, mo tẹ àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun kà á. Kí ni mo lè ṣe? Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ wá bírò.