Bí Mo Ṣe Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Àwo Iyán Kan

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, ìyẹn ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí àwo iyán kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́. Iṣẹ́ náà kò burú, èmi ni ara mi kì í gbé ojú kan. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Bí mo bá dúró, ojú mi á máa wo títì. Ìyá Tólú, ìyàwó mi, máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi mí jọba lónìí, tó bá dọ̀la màá ti máa wádìí ìlú mìíràn tí oyè ti ṣófo. Òun náà kàwé olùkọ́ni, ó kàn ń gbélé nígbà yẹn nítorí pé Tólú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú ni.

Bàbá kan ló ti Èkó padà sí Emùré, ìlú wọn, tí wọ́n fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ gaàrí ńlá sílẹ̀ létí ọ̀nà. Ará ìjọ wa kan júwe mi fún wọn, mo sì lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n gbà mí bí ọmọ. Kí n tó sọ pé mo ti jẹun, iyán ti délẹ̀, funfun báláú, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ tó kún inú ọbẹ̀. Nígbà tí a fọwọ́ tán, Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà.

"Ùwọ ni mánijà mi," ni wọ́n wí. "Uṣẹ́ ti di tìẹ. Lọ palẹ̀ mọ́ níbi tí o wà."

Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì mọ ìdí rẹ̀. Èèyàn kì í jẹ iyán àgbàlagbà tán, kí wọ́n gbàdúrà sí i lórí, kó wá la ẹnu pé, "Bàbá, ìwé ńkọ́?" Bí ẹni pe onílé ní òpùrọ́ nínú ilé rẹ̀ ni.

Ìyá Tólú kò jẹ iyán lọ́dọ̀ wọn, òun béèrè. "Bàbá Tólú, ìwé ńkọ́?"

"Ìwé wo? Mo ti jẹ iyán wọn."

"Ṣé iyán ni wọ́n á máa san fún yín lóṣù?"

Mo sọ fún un pé kò mọ bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń ṣe nǹkan. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni o, èmi ti da omi agbada nù. Mo kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó gùn ju ìwàásù lọ. Kì í ṣe pé mo kàn ní mò ń lọ, mo tún gba ọ̀gá ilé-ìwé nímọ̀ràn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa darí ilé-ìwé wọn. Ìyá àgbà kan ni ọ̀gá náà, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Màmá kà á tán, wọ́n wò mí láti òkè awò ojú wọn.

"Tíṣà, ṣé ibi tí ò ń lọ ti fún ọ níwèé?"

"Màmá, wọ́n ti fún mi ní ohun tó ju ìwé lọ."

"Ó dáa. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jó dé iwájú, mo jó padà, mo tún jó lọ síwájú nítorí pé orin náà dùn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè mí ní Tíṣà mọ́. Mánijà ni mo di.

Àárọ̀ Ajé, mo so táì, mo wọkọ̀, ó di Emùré. Ìpìlẹ̀ nìkan ni mo bá. Koríko ti bo ìdajì rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì dúró lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń wo táì mi. Bàbá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi àdá ṣán koríko.

"Há, mánijà! O mà tètè dé o! Ẹ̀rọ ṣì wà lórí òkun. Ọwọ́ ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ni ùwé rẹ wà, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Máa relé ná."

Irú ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ èyí nílé? Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá so táì, ìyàwó mi á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," màá sì jáde lọ máa rìn kiri. Lónìí mo wà ní Ìsẹ̀, lọ́la mo wà ní Ọ̀rún, níbi tí mo ti ń wo àwọn tó ń sá kòkó bí ẹni pé èmi ni mo ni ín. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bí fóònù bá dún pẹ́nrẹ́n, màá ta gìrì. Ní Ọ̀rún yìí náà ni ó ti dún nígbà tí mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì wá inú àpò, ọ̀kadà yà fún ihò, èmi kò yà. Inú ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n dà sẹ́bàá ọ̀nà ni mo balẹ̀ sí, tòun ti táì lọ́rùn. Mo yọ fóònù, àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n wá ra orin.

Mo délé pẹ̀lú òórùn ẹ̀gẹ́ yẹn. Ìyá Tólú fọwọ́ dí imú.

"Iṣẹ́ gaàrí mà ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu o, Mánijà!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tó yá, ìwé dé sórí fóònù mi lóòótọ́ nígbà tí mo wà ní Ìsẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, mánijà náà wà níbẹ̀. Mo kà á síwájú sí i. Mánijà yóò máa gbé inú ọgbà. Mánijà yóò máa ṣán koríko, yóò sì máa ṣọ́ búlọ́ọ̀kù. Owó oṣù yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ lọ ẹ̀gẹ́. Mo pe Bàbá lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo gan-an ni ẹ̀rọ yìí máa dé?"

"Ọmọ mi, òkun ò kéré."

Bàbá kò parọ́ fún mi o. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi gbà pé ẹ̀rọ ń bọ̀. Èmi ni mi ò lè fi ìgbàgbọ́ wọn bọ́ ọmọ. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo wọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́, ilé-ìwé ni mo forí lé, mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n má tíì rí ẹlòmíràn fi sípò mi. Mo ti ṣètò bí màá ṣe dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Bí mo ṣe dé ẹ̀bá kíláàsì mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí nípa ìdá nínú ìṣirò. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló máa ń pariwo lé mi lórí nígbà tí mo bá bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ nílẹ̀ yàrá. Ìyá Tólú ló dúró nídìí pátákó.

Màmá rí mi níbi tí mo ya ẹnu sí.

"Ọjọ́ kejì tí o lọ ló wá tọrọ àyè náà. Ó ní àyà òun ń já lórí iṣẹ́ tuntun rẹ. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní rárá o, òun fẹ́ rí ìwé àdéhùn ná."

Ìyá Tólú jáde wá, ẹfun kún ọwọ́ rẹ̀. Àṣé òun ti mọ̀ pé kò síbi tí mò ń lọ. Èmi tí mò ń fara pamọ́ ni mi ò mọ̀ pé bí mo bá ti jáde, òun náà á gbé Tólú, á jáde. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n dúpẹ́. Màmá na ìwé àdéhùn rẹ̀ sí mi.

"Ó dára bí o ṣe wá. Onídùúró ló kù kó ní. Fọwọ́ síbí."

Mo fara balẹ̀ kà á látòkè délẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo tún padà sí iwájú.

"Mánijà, ẹ fọwọ́ sí i jàre," ni ìyàwó mi wí, "àwọn ọmọ ń dúró dè mí."

Èmi gan-an bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo tí mo rí fọwọ́ sí nìyẹn, tìyàwó mi ni, iṣẹ́ mi ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ bá gbé iyán wá, ẹ jẹ ẹ́ yó, ẹ dúpẹ́, ẹ béèrè ìwé. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ rán ìyàwó yín.