Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ṣe Amí ní Àpòmù

Ọjọ́ tí mo gbé jígí dúdú sójú, tí mo gbé dòdò lérí, tí mo wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù, kò tíì kúrò lọ́kàn mi, n kò sì rò pé yóò kúrò. Nígbà mìíràn tí mo bá ń da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo, tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn, màá fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá mi á bi mí pé ṣé epo ló ta sí mi lójú. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni.

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé mi kò sì lọ jìnnà; ọdún díẹ̀ ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ kí n tó jókòó ti ìyá mi nídìí dòdò dídín ní Ìkirè. Ohun tí mo fẹ́ràn ni fíìmù àwọn amí. Ọkùnrin tó ń bá àwọn ènìyàn gba iná sí fóònù lẹ́bàá ilé wa ló máa ń bá mi kó o sínú fóònù. Gẹ̀ẹ́sì wọn kì í yé mi tán, nítorí náà ojú wọn ni mo máa ń wò. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ìbọn àti mọ́tò tó ń sáré ló dùn níbẹ̀. Lójú tèmi, fíìmù amí tó bá dára gan-an kì í yìnbọn púpọ̀. Ibi tó máa ń mú mi ni ibi tí amí bá jókòó sílé ẹni tó wá ṣọ́, tí onílé ń bu oúnjẹ fún un, tó ń rẹ́rìn-ín sí i, tí àwa tí à ń wò sì mọ ohun tí onílé kò mọ̀. Onílé á wá bi í ní ìbéèrè kékeré kan, bíi níbo lo ti wá. Amí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Èmi tí mo di fóònù mú kò ní lè mí. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni pé amí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú ènìyàn kì í sì í dúró lára rẹ̀. Mo wá ń rò ó pé èmi tí ẹnikẹ́ni kì í rí yìí, iṣẹ́ tó yẹ mí gan-an nìyẹn, ìlú tí wọ́n bí mi sí ni kò jẹ́ kí n ṣe é.

Ní àkókò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, ti rí ọkọ ní Àpòmù. Bọ̀dá Múyìwá lorúkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ tán la tó gbọ́ pé ọkùnrin náà ní ìyàwó àti ọmọ ní ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún débi pé kò lè jáde sọ́jà. Nítorí náà ni ìyá wa ṣe ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kò ní gba àna kankan láìṣe ìwádìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ni pé àgbà kan nínú ẹbí á rọra lọ sí ìlú àwọn àna, á yà kí ẹni tó bá mọ̀ níbẹ̀, á sì bi í nípa ilé náà: ṣé wọn kì í lu ìyàwó, ṣé wọn kì í jà, ṣé kò sí àìsàn tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ìkòyí nítorí pé Ìkòyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpòmù ni wọ́n ń gbé, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Lójú mi, Ìyá Ìkòyí ń falẹ̀. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn ní Àpòmù, àwọn jọ jẹ àgbàdo, àwọn sì padà sílé. Inú ń bí mi. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Mo kàn rí i pé ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹun dáadáa mọ́, ẹ̀rù ń bà á pé ti àkọ́kọ́ tún fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ṣebí ìwọ lo máa ń wo fíìmù, dìde.

Amí kì í lọ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Mo yá jígí dúdú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo so ìborùn wálẹ̀ dé iwájú orí. Amí sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó máa fi bojú. Mo gbé abọ́ dòdò lérí, mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ kiri díẹ̀.

Inú mọ́tò ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí wo jígí mi, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ṣé ojú ló ń pọ́n ẹ? Àpólò ni, àbí?"

Mo fẹ́ mi orí pé rárá, ṣùgbọ́n ìborùn ń bọ́ sílẹ̀, mo tẹ orí ba kí n lè mú un. Lójú wọn, ó jọ pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ká tó kúrò ní gáréèjì, gbogbo wọn ti há mọ́ra wọn lápá kan, èmi nìkan ni mo gba ìjókòó ènìyàn méjì bí olóyè. Ẹnikẹ́ni kò gbójú sọ́dọ̀ mi, kí àpólò má baà ràn wọ́n. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ bẹ̀ mí pé tí mo bá ń padà lọ, kí n jọ̀ọ́ wá mọ́tò mìíràn.

N kò mọ ilé àwọn Bọ̀dá Múyìwá. Nínú fíìmù, amí máa ń mọ ilé. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, òun kò mọ̀ ọ́n, ló bá pariwo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní òdìkejì títì, ìyẹn náà tún pariwo béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí n tó dé àdúgbò náà, gbogbo wọn ti ń retí onídòdò Ìkirè tó ń wá ilé Múyìwá kápẹ́ńtà.

Mo lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà, ibẹ̀ kọjú sí ilé náà dáadáa. Nínú fíìmù, amí lè ti ife tíì kan ṣoṣo síwájú láti àárọ̀ dalẹ́, tíì náà kò ní tán. Dòdò tèmi ń tán. Bí ẹni yìí ṣe ń rà lẹni tọ̀hún ń rà. Mo rí i pé tó bá tán, n kò ní ohun tí màá fi bojú mọ́, mo bá dé abọ́ náà. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà tún fẹ́ rà sí i. Mo ní kì í ṣe títà.

"Kì í ṣe títà kẹ̀?" ó ní. "Dòdò tó wọ mọ́tò láti Ìkirè, tí kì í ṣe títà, ṣé ó wá kí wa ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní onídòdò kan ló dé jígí, tí kò fẹ́ ta dòdò. Àwọn kan ní bóyá májèlé ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ti jẹ ẹ́ wá di ikùn mú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí mi ká, èmi tí ẹnikẹ́ni kì í rí.

Ariwo yẹn ló mú arúgbó kan jáde láti inú ilé tí mo wá ṣọ́. Àwọn ni ìyá tó bí bàbá Bọ̀dá Múyìwá. Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, ṣé wọn kò rí i pé oòrùn ti pa á. Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n fún mi lómi, wọ́n ní kí n yọ jígí. Wọ́n mú dòdò kan nínú èyí tó kù, wọ́n bù ú jẹ. Ẹnu wọn dúró díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n tún ń jẹ lọ. Mo rò pé ata ló ta wọ́n.

"Ọmọ ta ni ẹ́?" wọ́n bi mí.

"Tọ́lá ni, ma." Kì í ṣe orúkọ mi.

"N ò bi ẹ́ lórúkọ. Níbo ni ilé yín?"

Mo ní Wásinmi. Wọ́n ní agboolé wo. Mo rò pé kò sí ìlú tí kò ní ilé alágbẹ̀dẹ, mo bá ní ilé alágbẹ̀dẹ. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ilé alágbẹ̀dẹ ní Wásinmi ni wọ́n ti bí àwọn.

Tó bá jẹ́ fíìmù ni, fèrèsé ni amí máa gbà jáde. Fèrèsé tiwọn ní irin. Mo jókòó.

Wọ́n sún mọ́ mi. "Mo ní àbúrò kan, Àbẹ̀kẹ́. Ó tẹ̀lé ọkọ lọ sí Àbíjáàn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ṣé òun ló bí ìyá ẹ?"

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ju okùn sí ẹni tó jìn sí kòtò. Mo dì í mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma.

"Ṣé ó wà láyé?"

Ìbéèrè kékeré. N kò ṣẹ́jú. "Wọ́n wà, ma. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ẹ wo ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ.

Àbúrò bàbá Bọ̀dá Múyìwá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́. Ó wọlé tayọ̀tayọ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní ọmọ ìyá àwọn ti dé. Bọ̀dá Múyìwá kò sí nílé, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n gún iyán. Mo jẹ ẹ́, iyán náà dùn, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Mo gbọ́ bí ìyàwó Bàbá Kékeré ṣe ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tí ọkọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ilé dáadáa ni. Ìwádìí mi ti parí, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún pé bí mo ṣe mọ̀ nìyí?

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ìyá Àgbà wọ yàrá, wọ́n gbé àdìrẹ kan jáde. Wọ́n ní àwọn àti Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n jọ rà á, tí wọ́n gé e sí méjì. Ti Àbẹ̀kẹ́ rèé, ó gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn fún un. Mo gbé e dé Ìkirè, mo tì í sábẹ́ aṣọ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ mú aṣọ ni mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Ìkòyí jábọ̀. Wọ́n ní ilé náà dára, ọkùnrin náà kò ní ìyàwó mìíràn, àwọn aládùúgbò kò sọ ohun búburú kan. Àgbàdo tí wọ́n ń jẹ yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo sọ pé inú ń run mí, mo sá pamọ́ sí ilé ìdáná. Ìyá mi kò gbà. Èmi ni àbúrò ìyàwó, èmi ni mo gbọ́dọ̀ gbé omi fún àna. Mo fa gèlè wálẹ̀ dé orí ìpéǹpéjú, mo jáde. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kékeré kí n tó mọ̀ pé òun ni.

"Tọ́lá," ó ní, inú rẹ̀ dùn. Ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ̀yin àna wa, ẹ ò sọ fún wa pé ẹbí wa wà nílé yín. Ọmọ ọmọ Àbẹ̀kẹ́ wa rèé."

Bàbá mi ní, "Ọmọ tèmi kẹ̀?"

Mo wà lórí eékún pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún àwo náà, nítorí n kò lè gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, Bàbá Kékeré ti dìde. Ó ní àwọn tó lè rán ọmọ wá pa irú irọ́ yìí fún arúgbó, báwo làwọn ṣe fẹ́ bá wọn dàna? Bàbá mi ń búra pé kò sẹ́ni tó rán mi. Àwọn ìyókù ti ń mú fìlà wọn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Àǹtí Bọ́sẹ̀ níbi kọ́tìnì, tó ń dúró kí wọ́n pe òun jáde. Kò bínú. Ojú tó ní nígbà tí ti àkọ́kọ́ bà jẹ́ ló tún ní. Èmi ni mo gbé ojú náà padà fún un.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò dìde. Wọ́n ní, "Aṣọ mi dà?"

Mo sáré wọlé lọ mú un wá. Bí wọ́n ṣe ká a náà ló ṣe wà. Wọ́n tú u, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún ká a padà.

"Jókòó," wọ́n sọ fún Bàbá Kékeré. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Dòdò ìyá rẹ̀ ló gbé wá, èyí tí Bọ́sẹ̀ máa ń gbé wá fún mi, ta ni ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu? Ojú Bọ́sẹ̀ ló sì wà lójú rẹ̀. Ìwádìí ló wá ṣe. Èmi náà ń ṣe tèmi. Mo fún un láṣọ kí n lè mọ irú ilé tí a fẹ́ ti fẹ́ ọmọ."

Ìyá Ìkòyí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ lọ̀gá wa." Bàbá Kékeré jókòó, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gba omi lọ́wọ́ mi. Wọ́n pe Àǹtí Bọ́sẹ̀ jáde. Èmi ti bọ́ jígí, bọ́ orúkọ, bọ́ ìtìjú, kò ku ohun tí mo tún lè fi bojú.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Ìyá Àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àdìrẹ náà wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Àbẹ̀kẹ́ mọ́ nílé wa. Nígbà tí o ní ó ní kí o kí mi, mo gbà á gbọ́ díẹ̀." Ìbá sàn fún mi kí wọ́n gbá mi létí.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti wà nílé ọkọ báyìí, ara rẹ̀ le. Ó pẹ́ kó tó máa bá mi ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé yẹn kò mọ orúkọ mi, Àǹtí Wásinmi ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣì ń wo fíìmù amí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń dá: amí á wọ mọ́tò, á lọ, fíìmù á tẹ̀lé e. Wọn kì í padà lọ wo ẹni tó bu oúnjẹ fún un. Mo ti kọ́ ọ pé tí mo bá fẹ́ mọ ènìyàn, kí n kí i, kí n jókòó, kí n jẹ àgbàdo.

Tí mo bá gbé dòdò lọ fún Ìyá Àgbà, wọ́n á bù ú jẹ, wọ́n á wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. "Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?" wọ́n á bi mí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà màá dìde, màá lọ wá abọ́ tí màá fọ̀.